Ìfẹ́ Bí Ó Ti Yẹ Kí Ó Rí àti Ìfẹ́ Bí Ó Ti Rí: Láti Orin Olùṣọ́-Àgùntàn Dé Ìlú Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ní Ìdúmọ̀tà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun tàbí ti oyè jíjẹ. Ìtàn ìfẹ́ láàrin ọkùnrin àti obìnrin ni: bí àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi í kọrin, bí Ìjọ ti fi kọ́ni, àti bí àwọn baba àti ìyá wa ní Èkó ti fi ojú ara wọn rí i. Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ẹnu àlùfáà. Àwa rò pé ó yẹ ẹ́ púpọ̀. Àlùfáà ni ó so ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín pọ̀ níwájú pẹpẹ. Ilẹ̀kùn àlùfáà kan náà ni ẹ sì ń wá kàn ní òru nígbà tí ilé bá fẹ́ tú.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ti ń gbà sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti ayébáyé. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ó ti yẹ kí ó rí, àwọn kan sì ń sọ ọ́ bí ó ti rí. Ẹni tí ó bá sọ èkíní nìkan yóò tan ènìyàn jẹ, bí kò tilẹ̀ pète ẹ̀tàn. Ẹni tí ó bá sì sọ èkejì nìkan yóò di ẹlẹ́gàn nígbẹ̀yìn. A óò gbìyànjú láti fi hàn pé Ìjọ wa ní Èkó sọ èkíní dáradára, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ lórí èkejì fún ìgbà pípẹ́, àti pé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni ó san púpọ̀ jùlọ nínú gbèsè ìdákẹ́jẹ́ náà.

I. ÀWỌN OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN TÍ KÒ NÍ ÀGÙNTÀN

Orin olùṣọ́-àgùntàn kì í ṣe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Theocritus, ará erékùṣù Sicily, tí ó kọ ewì rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ní bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú ìbí Olúwa wa, ni a kà sí baba irú ewì bẹ́ẹ̀. Virgil ará Róòmù sì tẹ̀ lé e. Ní England, Edmund Spenser tẹ ìwé irú ewì yìí jáde ní 1579, ó sì pín in sí oṣù méjìlá ọdún. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé pé, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí kò ní àbàwọ́n, kí ó ṣe bí ẹni pé darandaran ni òun, tí ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú fèrè lẹ́nu.

Èyí tí ó lókìkí jùlọ ni ti Christopher Marlowe, ọmọ oníṣẹ́ bàtà kan ní Canterbury. A gún un pa ní Deptford ní 1593 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1599, ni a tó tẹ orin náà. Nínú rẹ̀, olùṣọ́-àgùntàn kan pe olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí ó wá bá òun gbé. Ó ṣèlérí ibùsùn òdòdó fún un, àti aṣọ irun àgùntàn tí ó dára jùlọ. Nínú gbogbo ìlérí náà, kò dárúkọ oúnjẹ òòjọ́ tàbí àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ àwọn ẹbí ọ̀nà méjèèjì. Òjò kò rọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ní 1600 a tẹ èsì kan, èyí tí a kà sí iṣẹ́ Sir Walter Raleigh, ìjòyè kan ní ààfin Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ọmọbìnrin tí a pè ni ó ń dáhùn. Kò bú ọkùnrin náà. Ohun tí ó wí kò ju pé, bí ìgbà èwe kì bá tán, tí gbogbo darandaran sì ń sọ òtítọ́, òun ì bá wá. Ṣùgbọ́n òdòdó a máa rọ, aṣọ a máa gbó, ìgbà òtútù a sì máa dé. Ẹni tí ó bá ka èsì yìí lè rò pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ ìfẹ́. Ẹ kíyèsí i: Raleigh kan náà ni ó fẹ́ Elizabeth Throckmorton, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń dúró ti Ọbabìnrin, ní ìkọ̀kọ̀ ní 1591, nígbà tí àṣírí tú ní 1592, a ju tọkọtaya náà sí ẹ̀wọ̀n nínú Tower ní London. Aya náà kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi bẹ́ ẹ lórí ní 1618. Ẹni tí ó mọ iye tí ìfẹ́ ń náni kì í ṣe aláìnífẹ̀ẹ́.

Ní 1783 ẹlòmíràn tún sọ̀rọ̀, àlùfáà Ìjọ England bí àwa: George Crabbe, nínú ewì rẹ̀ tí ó pè ní The Village. Ó ti gbé láàrin àwọn tálákà, ó sì rí i pé ayé wọn kò jọ èyí tí a ń fi fèrè kọ. Ní tòótọ́, nínú àwọn akéwì tí a ti dárúkọ wọ̀nyí, a kò gbọ́ pé ẹnìkan da ẹran jẹ rí. Ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí àgbò Iléyá bá ti so mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ pé òórùn òdòdó kọ́ ni ó ń ti ibẹ̀ wá.

II. OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN TÒÓTỌ́

Ìwé Mímọ́ ní olùṣọ́-àgùntàn tirẹ̀ tí ó mọ ìfẹ́. Jákọ́bù rí Rákélì ní ẹ̀bá kànga, ó sì sin Lábánì fún ọdún méje nítorí rẹ̀. Ọdún méje náà kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀, nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí i. Kò sí akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ ohun tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà síwájú. A fi Léà rọ́pò Rákélì ní òru ìgbéyàwó. Ọdún méje mìíràn tún ń bẹ níwájú. Oòrùn pa Jákọ́bù ní ọ̀sán, òtútù mú un ní òru, a sì yí owó iṣẹ́ rẹ̀ padà léraléra. Nínú ilé, obìnrin kan ń sunkún nítorí pé ọkọ kò fẹ́ràn rẹ̀, èkejì ń sunkún nítorí pé kò bímọ. Ìwé kan náà ni ó gbé ìfẹ́ náà àti omijé náà kalẹ̀ níwájú wa, kò sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú mọ ìhà méjèèjì. Wọ́n ń rán alárenà, wọ́n ń wádìí ìdílé bóyá àrùn tàbí gbèsè wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wí pé gbígbé ìyàwó kò ṣòro, owó ọbẹ̀ ni ó ṣòro. Ní apá Ọ̀yọ́, ìyàwó tí a fẹ́ sìn lọ ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó: a dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, a tọrọ ọmọ, a sì fi ẹ̀rù ilé tí ó ń lọ hàn, ní etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn kan máa ń wí pé a kò mọ ìfẹ́ kí Òyìnbó tó dé. Ohun tí ó ṣe kedere ni pé a kì í ran ọmọbìnrin lọ sí ilé ọkọ láìjẹ́ kí ó sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù.

III. ÀÌNÁ NÍ BRIGHTON

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé nínú ìgbésí ayé ẹnìkan ṣoṣo. Ní 1848 àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n sì mú ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Àìná lẹ́rú. Ní 1850 Captain Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú-omi Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Bonetta, dé ààfin Ọba Gezo; ọba náà sì fi ọmọ yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Báyìí ni Àìná ṣe di Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gbà á sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Sàró, ó sì padà sí England láti gbé nínú ilé àlùfáà Schön ní Kent.

Nígbà tí ó tó láti lọ sílé ọkọ, James Pinson Labulo Davies ni ó tọrọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ni, atukọ̀ àti oníṣòwò ńlá ní Èkó, ẹni tí ó fi £50 ran C.M.S. Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a ń dá a sílẹ̀ ní 1859. Aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Lójú àwọn alágbàtọ́ ọmọbìnrin náà, kò sí ohun tí ó kù: ọkùnrin náà ní owó, ó jẹ́ Kristẹni, ó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àìná kọ̀. Ó kọ ìwé sí ìyáàfin Schön, ẹni tí ó ń pè ní ìyá, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé òun kò ní ìfẹ́ ọkùnrin náà nínú ọkàn òun. Àwọn ènìyàn ń wí fún un pé ìfẹ́ yóò dé bí ó bá yá. Òun kò rí bí yóò ti dé, kò sì fẹ́ tìtorí owó ta àlàáfíà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí bí a ti máa ń rò ó. Àwọn Òyìnbó tí orin wọn ń wí pé ìfẹ́ ni ó ṣáájú, àwọn ni ó ń ṣírò bí alárenà ti ń ṣírò: owó, ìwà, ìdílé. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí a mú lẹ́rú ni ó di ìfẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí mú, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun ní ìpín nínú rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀kọ́ wọn gbọ́ ju àwọn tí ó kọ́ ọ lọ.

A rán an lọ sí Brighton kí ó lọ ro ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 14 August 1862 a so wọ́n pọ̀ nínú ìjọ St. Nicholas ní ìlú náà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì jáde wá wò wọ́n. Wọ́n wá sí Èkó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí wọn, tí a bí ní 1863, ni a sọ ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Lẹ́yìn 1870 òwò Davies dẹnu kọlẹ̀, ó sì jẹ gbèsè púpọ̀. Ikọ́ ife mú aya rẹ̀. A gbé e lọ sí erékùṣù Madeira nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti kú ní ọjọ́ 15 August 1880, nígbà tí ó jẹ́ ẹni bí ọdún 37. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ Victoria yóò lọ kí Ọbabìnrin ni ìròhìn ikú náà tó dé etí rẹ̀. Davies, tí ó ti ń dá oko kòkó ní Ìjọn lẹ́yìn tí òwò rẹ̀ bàjẹ́, gbé òpó òkúta kan ró níbẹ̀ ní ìrántí aya rẹ̀.

Ìwé tí ọmọbìnrin kọ pé òun kò fẹ́ ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, òpó òkúta tí ọkọ gbé ró nínú oko sì ni ó wà ní ìparí rẹ̀. Láàrin wọn ni ọdún 18 wà, pẹ̀lú ọmọ bíbí, gbèsè, àti ikọ́. Orin olùṣọ́-àgùntàn a máa parí ní ibi tí irú ọdún wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀.

IV. ÒFIN 1884 ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ÌLẸ̀KÙN

Ohun tí Àìná bèèrè fún ara rẹ̀ nìkan, Ìjọba Èkó sọ ọ́ di òfin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ. Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 wí pé ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹ́ aya mìíràn níwọ̀n ìgbà tí èkíní wà. Bí ó bá sì kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi pín ogún rẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ wọn fi ayọ̀ gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí a kọ́ ní duru títẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ, wọ́n sì gbàgbọ́ pé ilé tí wọ́n ń lọ kò ní ẹlòmíràn nínú.

Òfin náà ṣe rere fún àwọn kan. Nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin ń pè ní Cole àti Cole, ní 1898, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ìgbéyàwó Kristẹni kú láìṣe ìwé ìhágún, arákùnrin rẹ̀ sì wí pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀, òun ni ohun-ìní náà tọ́ sí. Kóòtù àkọ́kọ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n kóòtù àwọn adájọ́ àgbà ní Èkó yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì fi ogún náà fún ọmọ òkú, ẹni tí kò ní làákàyè tó láti gbèjà ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé, nǹkan ṣe ọ̀tọ̀. Nínú ìwé tí òpìtàn Kristin Mann tẹ̀ jáde ní 1985 lórí ìgbéyàwó àwọn ọlọ́lá Èkó láti 1880 dé 1915, ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ó ṣe ìgbéyàwó inú ìjọ ni ó tún ní aya níta, tí wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Aya inú ilé, tí a ti kọ́ pé òwò ṣíṣe kò yẹ ìyáàfin, kò ní owó tirẹ̀ tí yóò fi gbé ara rẹ̀ dúró bí ọkọ bá yí ojú padà. Aya ìta kò ní orúkọ. Òfin kan náà tí ó dáàbò bo ọmọ inú ilé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìta. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn lè jókòó sínú ìjọ kan náà, kí a sì ka òfin Ọlọ́run sí wọn létí, kí oníwàásù má sì sọ ohun kan nípa ohun tí gbogbo Èkó mọ̀.

Àwọn kan kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ yìí. Nígbà tí àwọn kan jáde ní August 1891 láti dá United Native African Church sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ọkùnrin aláya púpọ̀. Ní 1901 àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, jáde láti dá African Church sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkóso Ìjọ ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn pẹ̀lú kò lé aláya púpọ̀ sẹ́yìn. A kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, a kò sì gbà pé wọ́n tọ̀nà nínú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé wọ́n sọ ní gbangba ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ní tiwa, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 ti pinnu pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin aláya púpọ̀ títí yóò fi wà ní ipò láti pa òfin Kristi mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbọ́ èyí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn aya wọn. Obìnrin tí a bá lé, níbo ni yóò lọ?

V. OBÌNRIN ÀKÉDE ÈKÓ

Ní July 1929 ìwé-ìròhìn Akéde Èkó, tí Isaac B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, nítorí pé ó dárúkọ àwọn òpópó àti àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀. Ó parí ní March 1930, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun ni ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Arẹwà ni Sẹ̀gilọlá ní ìgbà èwe. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ti èkejì, títí ẹwà fi lọ, tí àrùn àti òṣì sì dé. Láti orí ibùsùn àìsàn ni ó ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Èsì tí ọmọbìnrin inú ewì Raleigh fi fún olùṣọ́-àgùntàn ni èyí, bí ẹni pé obìnrin mìíràn gba ìpè náà, tí ó lọ, tí ó sì padà wá ròhìn. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, adùn ìgbà èwe a tún máa yọ nínú ohùn rẹ̀, orin ìgbà náà a sì tún wá sí i lẹ́nu. Thomas kò parọ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pé kò dùn. Ó fi adùn rẹ̀ àti òpin rẹ̀ hàn pọ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe gbà á gbọ́, nígbà tí wọ́n ń sùn nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù.

VI. OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ FI KỌ́ WA

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí. Lẹ́yìn 1992, nígbà tí fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì di òwò ńlá ní Nàìjíríà, Ìdúmọ̀tà yìí di ọ̀kan nínú àwọn ọjà rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ. Ohun tí a ń tà níbẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì tí a ti ń sọ: fíìmù kan ń parí síbi ìgbéyàwó, bí ẹni pé kò sí owó ọbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òmíràn ń wí pé gbogbo ọkùnrin ni ọ̀dàlẹ̀, gbogbo ìyá ọkọ sì ni àjẹ́. Àwọn ọmọ wa wo méjèèjì, wọ́n sì wá sí ìjọ láti gbọ́ ẹ̀kẹta. Kí ni a ní fún wọn?

Ní 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an, ìpàdé Lambeth tún dá ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọkọ kan àti aya kan ni ète Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó gbà pé a lè ṣe ìrìbọmi fún aláya púpọ̀ tí ó bá gbàgbọ́, pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kì yóò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. A kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá mú un kí ó lé ọ̀kankan nínú wọn, nítorí ìyà tí yóò jẹ ẹni tí a lé. Lójú wa, àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ àgùntàn. Wọn kò rẹ òfin sílẹ̀, wọ́n sì rántí obìnrin tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà àti olùkọ́ni, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin bá wá sọ́dọ̀ yín pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, ẹ sọ fún wọn pé ìfẹ́ dára, pé Ọlọ́run ni ó dá a. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe bí ọmọ kò bá tètè dé, bí iṣẹ́ bá bọ́, bí ẹbí bá dìde. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá wí pé òun kò fẹ́ ọkùnrin tí ẹ yàn, ẹ má fi owó dí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó lọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rántí pé ilé tí ẹ kọ́ sí ìta kò pamọ́: ọmọ tí ó wà níbẹ̀ mọ baba rẹ̀, Ọlọ́run pẹ̀lú sì mọ̀ ọ́n.

Ìlérí tí a ń ṣe níwájú pẹpẹ kò jọ ti olùṣọ́-àgùntàn inú orin Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ àìsàn, ó dárúkọ òṣì, ó sì dárúkọ ikú, ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ ayọ̀. Àwọn tí ó tò ó sílẹ̀ fún wa mọ ìhà méjèèjì. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti máa kà á ketekete, kí àwọn tí ń dáhùn sì mọ ohun tí wọ́n ń dáhùn sí.